Ìbéèrè láti Kétu: ẹ̀wọ̀n Amẹ́ríkà àtijọ́

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin olóòtú. Ṣé lóòótọ́ ni pé ẹlẹ́wọ̀n kì í sọ̀rọ̀ ní Amẹ́ríkà láyé àtijọ́?

Lóòótọ́ ni. Ní ọgbà ẹ̀wọ̀n Auburn, ní New York, wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ lọ́sàn-án. Tó bá di alẹ́, kálukú a wọ yàrá tirẹ̀, tí ìbú rẹ̀ kò ju ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta àbọ̀ lọ. Bí wọ́n bá ń rìn, wọn a tò tẹ̀lé ara wọn, ọwọ́ lé èjìká ẹni iwájú, ojú sí ẹ̀gbẹ́ kan náà, kí ẹ̀ṣọ́ lè rí ètè tó bá mì. Pàṣán ni fún ẹni tó bá sọ̀rọ̀. Ìkà gbáà ni! Àmọ́ ohun tí wọ́n kọ́kọ́ dán wò níbẹ̀ ní 1821 tún burú jù: àdáwà tọ̀sán-tòru, láìsí iṣẹ́. Orí àwọn kan dàrú, àwọn mìíràn kú, ni wọ́n bá pa á tì.