Ẹ má ka orúkọ iṣẹ́, ẹ ka ohun tí wọ́n ń fà símú

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin tí ẹ béèrè bí ẹ ó ṣe mọ iye òṣìṣẹ́ Ìlọrin tó ń fara gbá ohun tó ń fa jẹjẹrẹ lẹ́nu iṣẹ́, tí ẹ ní ìwé orúkọ ẹgbẹ́ káfíńtà àti ti wẹ́dà ti tẹ̀ yín lọ́wọ́. Irú ìwé orúkọ bẹ́ẹ̀ ni mo gbójú lé nígbà tí mò ń ṣe ìwádìí ìparí ẹ̀kọ́ mi. Oṣù mẹ́rin gbáko ló fi mí ṣòfò.

Ìṣirò gan-an kò le. CAREX, àkójọ ìṣirò nípa àwọn tó ń fara gbá ohun tó ń fa jẹjẹrẹ lẹ́nu iṣẹ́, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Finland, ti là á sílẹ̀: ẹ mú iye òṣìṣẹ́ tó wà ní ẹ̀ka iṣẹ́ kan, ẹ wo ìdá mélòó nínú wọn ló ń fara gbá nǹkan náà, ẹ fi ọ̀kan sọ èkejì di púpọ̀. Ohun 139 ni wọ́n wò ní ẹ̀ka iṣẹ́ 55, fún ọdún 1990 sí 1993, ní orílẹ̀-èdè 15 ní Yúróòpù. Ọ̀dọ̀ ìdá yẹn ni ẹjọ́ wà. Mo gbé ti Yúróòpù, mo fi wọ àwọn káfíńtà wa bí ẹ̀wù àyálò. Ọ̀gá tó ń bójú tó iṣẹ́ mi dá ìwé náà padà, ó ní kí n lọ jókòó sí sàmíìlì ná.

Mo jókòó. Káfíńtà kan wà tó jẹ́ òrùlé ló ń kàn, ìta gbangba ló wà, atẹ́gùn ń gbé eruku lọ. Òmíràn ń fi ẹ̀rọ fá ìrókò àti àpá nínú ṣọ́ọ̀bù tí kò ní fèrèsé. Orúkọ kan náà ni wọ́n ń jẹ́ nínú ìwé. Ìyá tó ń di ìyẹ̀fun pákó sápò fún àwọn ọlọ́sìn adìẹ kò sí nínú ìwé ẹgbẹ́ kankan, bẹ́ẹ̀ eruku bò ó dé ìpéǹpéjú. (Ta ni yóò kọ orúkọ ẹni tí kò sanwó ẹgbẹ́?) Àwọn ọmọṣẹ́ tó ń gbálẹ̀ láàárọ̀ náà ńkọ́? Láti 1995 ni IARC, àjọ àgbáyé tó ń ṣèwádìí jẹjẹrẹ, ti ka eruku igi mọ́ ohun tó ń fa jẹjẹrẹ fún ènìyàn, ti ihò imú ló sì hàn jù.

Ti wẹ́dà ló tún dà mí láàmú. Èéfín irin jíjó ni mo kọ fún un. Mo débẹ̀, jẹnẹrétọ̀ onídísẹ́lì ń tú èéfín sí i lára látàárọ̀, ẹni tó ń kun mọ́tò sì ń fọ́n ọ̀dà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Bí ẹ bá ro nǹkan wọ̀nyí pọ̀, ẹ ó ka ọkùnrin kan lẹ́ẹ̀mẹta. CAREX fúnra rẹ̀ yà wọ́n sọ́tọ̀: òṣìṣẹ́ bíi mílíọ̀nù 32, ṣùgbọ́n ìfaragbá mílíọ̀nù 42. Oòrùn ló wà lókè pátápátá nínú tiwọn. Mo yọ oòrùn kúrò nínú tèmi, nítorí àwọ̀ dúdú ń dáàbò bò wá gan-an, àfi àwọn àfín tó ń ṣiṣẹ́ níta. Àwọn yẹn ni mo kọ sọ́tọ̀.

Ẹ má lọ kà wọ́n lọ́sàn-án Jímọ̀. Mo ṣe bẹ́ẹ̀, ṣọ́ọ̀bù ṣófo, mo kọ iye tó kéré. Ẹ tún béèrè ìgbà tí iná máa ń dé, torí bí wọ́n bá mú iná wá lóru, òru ni ẹ̀rọ ìfági máa ń ké, ẹ̀yin ti sùn.

Bàbá kan tó ń ta obì létí sàmíìlì, oníṣòwò ni mo kọ ọ́ sí. A jọ ń ṣàwàdà, ló bá ní ọdún 22 lòun fi lu òkúta níbi tí wọ́n ti ń fọ́ ọ. Silica, èròjà òkúta tó wà nínú eruku yẹn, ń fa jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró, ó sì lè tó ogún ọdún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kó tó yọjú. Ẹ fi àyè kan sílẹ̀ nínú ìwé ìbéèrè yín: “Iṣẹ́ wo lẹ ṣe ṣáájú èyí, fún ọdún mélòó?” Tèmi kò ní in, ṣe ni mo padà lọ bá gbogbo wọn lọ́kọ̀ọ̀kan.