Ọkọ̀ Tuntun Lórí Ìdábùú Àtijọ́: Ìdáhùn sí Ìbéèrè Yín Lórí Reluwé Ọgbà Ìgbafẹ́

Ìbéèrè tó dé bá wa lóṣù yìí fẹ́rẹ̀ẹ́ má kúrò lórí mónòréèlì, ìyẹn reluwé tó ń gùn orí ìdábùú kan ṣoṣo, ti Walt Disney World ní Florida àti àwọn ọkọ̀ tó jọ ọ́. Àwọn tí ìdáhùn wọn lè wúlò fún ẹlòmíràn la kó jọ síbí.

Orlando ni mò ń gbé, èmi ni mo sì máa ń mú àwọn ẹbí tó bá wá láti ilé lọ sí Disney. Mo gbọ́ pé láti 1989 ni àwọn mónòréèlì ibẹ̀ ti wà lẹ́nu iṣẹ́. Ẹ̀yin olóòtú, ṣé kò yẹ kí wọ́n wó gbogbo rẹ̀, kí wọ́n gbé reluwé ìgbàlódé síbẹ̀?

Ẹ ṣeun. Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ ya ọkọ̀ sọ́tọ̀ kúrò lára ọ̀nà tí ọkọ̀ ń gùn, torí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣì í.

Ọ̀nà ló dàgbà jù. October 1, 1971 ló bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, lọ́jọ́ tí ọgbà fúnra rẹ̀ ṣí, wọ́n sì fa apá tó lọ sí Epcot, ọgbà kejì níbẹ̀, kún un ní 1982. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ nǹkan bíi máìlì 14.7, ìyẹn kìlómítà 23 àti ààbọ̀ ó lé díẹ̀. Ìdábùú kọnkéré ni, fífẹ̀ orí rẹ̀ kò ju íǹṣì 26 lọ. Bí ẹ bá na apá kan síta, ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ gùn tó o. Tacoma ní ìpínlẹ̀ Washington ni wọ́n ti dà á, tí wọ́n fi reluwé kó o la Amẹ́ríkà já dé Florida, fóòmù ni wọ́n sì fi há inú rẹ̀ kí ó lè fúyẹ́. Ohun tó ná wọn lówó nìyẹn, òun náà ló ṣì lágbára jù.

Ọkọ̀ tó ń gùn ún lónìí ni Mark VI, tí Bombardier ṣe láàárín 1989 sí 1991. Méjìlá ni wọ́n ṣe. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ní yàrá mẹ́fà, ó gùn tó mítà 62, ó ń gbé èrò 360, mọ́tò mẹ́jọ tí agbára ẹṣin kọ̀ọ̀kan jẹ́ 113 ló sì ń tì í. Iná fọ́ltì 600 ló ń jẹ, láti ara irin gbọọrọ tí wọ́n dè mọ́ ẹ̀gbẹ́ ìdábùú. Wọ́n ti pààrọ̀ ọkọ̀ lórí ìdábùú kan náà yìí rí: nígbà tí Mark VI dé, wọ́n ta méjì lára àwọn Mark IV tó ṣáájú rẹ̀ sí Las Vegas, ibẹ̀ ni wọ́n sì tún ti bẹ̀rẹ̀ sí í gbé èrò láàárín òtẹ́ẹ̀lì méjì ní 1995. Nítorí náà, èrò tiwa ni pé kí wọ́n ra ọkọ̀ tuntun, kí wọ́n sì fi ìdábùú sílẹ̀.

Kí ló ń gbó lára ọkọ̀? Táyà rọ́bà ló fi ń rìn, bíi ti dánfó. Àwọn kan dúró lórí ìdábùú, àwọn ló ru ẹrù. Àwọn mìíràn dùbúlẹ̀ gbalaja, wọ́n di ìdábùú mú lọ́tùn-ún lósì kí ọkọ̀ má baà ṣubú sẹ́gbẹ̀ẹ́. Tí afẹ́fẹ́ ọ̀kan nínú àwọn tó ru ẹrù bá lọ sílẹ̀, ara rẹ̀ á máa tẹ̀, á máa nà bó ṣe ń yí, ooru á mú un, ẹ ó wá gbóòórùn rọ́bà jíjó kí ó tó bẹ́. Ṣùgbọ́n táyà ṣeé rà. Ohun tó ń dá ọkọ̀ tó ti pẹ́ dúró ni àwọn nǹkan kéékèèké tí ẹnikẹ́ni kò ṣe mọ́: bọ́ọ̀dù tó ń darí ilẹ̀kùn, ẹ̀rọ tó ń pín iná fún mọ́tò, kọ̀ǹpúrẹ́sọ̀ amúlétutù. Mónòréèlì Las Vegas tó bẹ̀rẹ̀ ní 2004 ń lo ọkọ̀ tó jẹ́ ọmọ ìyá Mark VI. Nígbà tí àjọ arìnrìn-àjò afẹ́ ìlú náà rà á ní 2020, wọ́n sọ ọ́ gbangba pé kò sẹ́ni tó ń ṣe irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ mọ́, àti pé sípéà ni yóò pinnu ọjọ́ tí yóò dúró. Bí ilé-iṣẹ́ kan bá ti ń tú ọkọ̀ kan kí òmíràn lè rìn, kí wọ́n mọ̀ pé àkókò ti tó.

Kí wọ́n tó fọwọ́ sí ìwé ọkọ̀ tuntun, kí ẹ̀rọ wo inú ìdábùú, kí wọ́n yẹ ibi tó ti jókòó lórí òpó àti ojú ìsopọ̀ wò. Kọnkéré onímítà 30 lè fi nǹkan bíi mìlímítà 9 gùn sí i tí ooru bá fi ìwọ̀n 30 lé sí i, àlàfo tí wọ́n fi sílẹ̀ fún un kò sì gbọdọ̀ dí. Lẹ́yìn náà, ìwúwo. Ọkọ̀ tuntun tó ní amúlétutù ńlá àti bátìrì ìdágìrì lè wúwo ju ti àtijọ́ lọ, bẹ́ẹ̀ ìdábùú kò mọ̀ ju ẹrù tí wọ́n ṣírò fún un lọ. Kí wọ́n kọ ọ́ sínú àdéhùn pé ẹrù tí táyà kọ̀ọ̀kan máa gbé kalẹ̀ kò ní ju ti Mark VI lọ, kí wọ́n sì gba ìlérí sípéà fún ọgbọ̀n ọdún. Tokyo ti fi hàn pé ó ṣeé ṣe: Hitachi ló ṣe ọkọ̀ tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Tokyo Disney Resort ní July 2001, lórí òbìrípo kìlómítà 5 tó ní ibùdó mẹ́rin. Láti 2020 ni wọ́n ti ń fi tuntun rọ́pò wọn, ìdábùú kò sì yí padà.

Reluwé òòfà Shanghai, tí òòfà gbé sókè tí kì í fara kan ọ̀nà, ti sá kìlómítà 431 ní wákàtí kan. Kí ló dé tí ọgbà olówó bẹ́ẹ̀ kò ra irú rẹ̀? (London)

Nítorí pé ibùdó súnmọ́ra. Ẹ wò ó báyìí: èèyàn tó dúró, tó gbé ọmọ lápá kan, tó fi ọwọ́ kejì di irin mú, ó máa ta gọ́ọ́gọ́ọ́ bí eré ọkọ̀ bá ń fi ju mítà kan lọ pọ̀ sí i ní ìṣẹ́jú-àáyá kọ̀ọ̀kan. Ní ìwọ̀n yẹn, ọkọ̀ tó fẹ́ sá kìlómítà 64, tó jẹ́ òtéńté eré Mark VI, yóò lo ìṣẹ́jú-àáyá 18 àti nǹkan bíi mítà 160. Èyí tó fẹ́ sá 431 yóò lo ìṣẹ́jú méjì àti kìlómítà 7.2 kí eré rẹ̀ tó pé, yóò sì tún lo 7.2 mìíràn kí ó tó dúró. Kìlómítà 14 ti lọ kí ẹ tó gbádùn eré náà rárá. Ọ̀nà Disney tó yípo adágún kò gùn tó bẹ́ẹ̀.

Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí ẹ wà gan-an ni ẹ̀kọ́ kejì ti wá. Pápákọ̀ òfuurufú Birmingham ló kọ́kọ́ fi reluwé òòfà gbé èrò fún iṣẹ́ ojoojúmọ́, ní 1984, ọ̀nà tí kò ju nǹkan bíi 600 mítà lọ. Ní 1995 wọ́n pa á tì, torí pé irú ọkọ̀ náà kò sí níbòmíràn, sípéà rẹ̀ sì di ohun tí wọ́n ń wá bí ẹni ń wá abẹ́rẹ́ nínú ìyàngbò. Ọkọ̀ tí okùn wáyà ń fà ni wọ́n fi rọ́pò rẹ̀ ní 2003. Ẹni tó bá fẹ́ ra ohun tuntun, kí ó kọ́kọ́ béèrè ìlú mélòó ló ti rà á.

Blue Line ti Èkó tó bẹ̀rẹ̀ ní September 2023 ní dírẹ́bà. Ṣé reluwé tí kò ní dírẹ́bà kò léwu níbi tí ọmọdé pọ̀ sí? (Sùúrùlérè, Èkó)

Ewu náà kò sí níbi tí ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé ó wà. Ní òru July 5, 2009, mónòréèlì kan fẹ́ fi ẹ̀yìn rìn ní ibùdó Ticket and Transportation Center ní Walt Disney World kí ó lè bọ́ sórí ọ̀nà mìíràn. Ìdábùú tó yẹ kí ó yí kí ọkọ̀ lè ráyè kọjá kò tíì yí, ẹni tó fún dírẹ́bà láṣẹ kò sì rí i dájú pé ó ti yí. Ọkọ̀ náà padà sí ibi tó ti wá, ó kọlu èkejì, dírẹ́bà ọkọ̀ kejì sì kú. NTSB, àjọ ìjọba tó ń ṣèwádìí ìjàǹbá ọkọ̀, kò di ẹ̀bi ru ọjọ́ orí ọkọ̀. Wọ́n ní ẹni tó ń darí ìdábùú kò yí i, ẹni tó yẹ kí ó yẹ̀ ẹ́ wò kò sì wò ó.

Ibí yìí ni ìmọ̀ ẹ̀rọ tuntun ti wúlò jù lọ: kí ìdábùú àti bíréèkì máa bá ara wọn sọ̀rọ̀, kí ọkọ̀ má lè sún rárá àyàfi tí ìdábùú bá ti yí tán, tó sì ti tì pa, bó ṣe iwájú ló kọ sí tàbí ẹ̀yìn. Láti ìgbà náà ni Disney ti fi ẹ̀rọ tó ń wa ọkọ̀ fúnra rẹ̀ kún un, tí èèyàn kàn ń ṣọ́ ọ. Kò sì pọn dandan kí ara ọkọ̀ jẹ́ tuntun. Disneyland Hong Kong ní reluwé tí kò ní dírẹ́bà láti August 2005, kìlómítà 3.3, ọkọ̀ àtijọ́ tó ti ń gbé èrò káàkiri ìlú ni wọ́n tún ṣe fún un.

Ẹ̀rọ yìí náà ló ń mú kí ọkọ̀ súnmọ́ra láìséwu. Bí ọkọ̀ bá ń dé ní ìṣẹ́jú mẹ́rin mẹ́rin, 15 á kọjá ní wákàtí kan, ìyẹn èrò 5,400. Bí ó bá di ìṣẹ́jú mẹ́ta, 20 ni, èrò 7,200. Ẹ kò ra yàrá kan kún un, ẹ sì ti rí èrò 1,800 gbé. Àmọ́ ilẹ̀kùn lè ba gbogbo ìṣírò yìí jẹ́. Lára Mark VI, òṣìṣẹ́ ló ń gbé pákó sílẹ̀ fún ẹni tó jókòó sórí àga onítáyà, tí yóò tún gbé e kúrò. Bí ilẹ̀ ọkọ̀ tuntun bá bá ti ibùdó dọ́gba, tí àlàfo àárín wọn sì há, aláàbọ̀ ara á fúnra rẹ̀ wọlé láìretí ẹnikẹ́ni. Ọ̀rọ̀ yìí jẹ wá lógún ju eré sísá lọ.

Wọ́n ní Disney ló ṣe ọkọ̀ kékeré tó ń rìn lábẹ́ ilẹ̀ ní pápákọ̀ George Bush níbí. Òótọ́ ni? (Houston)

Òótọ́ ni, láti 1981. Ọmọ ìyá PeopleMover, ọkọ̀ kékeré tó wà ní Magic Kingdom, ọgbà àkọ́kọ́ ní Walt Disney World, láti 1975 ni. Ọkọ̀ kò ní mọ́tò kankan nínú. Inú ọ̀nà ni mọ́tò wà, tí wọ́n tẹ́ kalẹ̀ ní ẹsẹẹsẹ, òòfà wọn ló ń ti àwo irin abẹ́ ọkọ̀ síwájú. Bí ọ̀kan bá jóná, èyí tó kàn á gbà á. Àléébù rẹ̀ ni pé àlàfo láàárín mọ́tò àti àwo náà gbọdọ̀ há gan-an. Bí ó bá fẹ̀, iná á kàn máa ṣòfò. Fún ọ̀nà kúkúrú, ó dára púpọ̀. Kò lè ṣe iṣẹ́ mónòréèlì.

Ṣé Skyliner, àwọn àpótí tó ń gbé èrò lórí wáyà ní Disney, kò lè gba iṣẹ́ mónòréèlì? (Atlanta)

Rárá, ṣùgbọ́n ó lè ràn án lọ́wọ́. September 29, 2019 ni ó bẹ̀rẹ̀. Àpótí kọ̀ọ̀kan ń gbé tó èèyàn mẹ́wàá, kì í sì í dúró, nítorí náà èrò kì í pé jọ. Kò ní amúlétutù, àrá tó súnmọ́ tòsí sì ń dá a dúró. Ní October 5 ọdún yẹn, àwọn àpótí kan kọlu ara wọn ní ibùdó, àwọn èrò kan sì wà lókè fún ohun tó ju wákàtí mẹ́ta lọ. Ní Florida, ẹni tó bá gbára lé wáyà nìkan á máa dúró de òjò.

Àwọn reluwé onéèéfín tó ń yí Magic Kingdom po ńkọ́? Ṣé kí wọ́n fi bátìrì rọ́pò wọn? (Chicago)

Ẹ jọ̀wọ́, kí wọ́n má ṣe é. Baldwin ló ṣe ẹ́ńjìnnì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin láàárín 1916 sí 1928, Yucatán ní Mẹ́síkò ni wọ́n ti rà wọ́n, ọ̀nà tí wọ́n ń gùn sì jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta ní fífẹ̀. Ìrìn máìlì kan àti ààbọ̀ yẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ kíákíá. Àwọn ẹ́ńjìnnì náà gan-an ni èèyàn ń wá wò. Ẹni tó bá fẹ́ dín èéfín wọn kù lè wo Disneyland ní California: láti 2007 ni wọ́n ti ń fi epo tí wọ́n yọ lára irúgbìn dáná fún ti wọn, láìtú ẹ́ńjìnnì kankan dànù.