Kí Ló Ń Kó Striped Bass Jọ sí Ojú Kan Létí Omi Raritan Níbẹ̀rẹ̀ Ìgbà Ìrúwé?

Ìbéèrè: Ẹ̀pẹ́ ni mo dàgbà sí, New Jersey ni mo ń gbé báyìí. Tó bá ti di ìparí oṣù Kẹta, mo máa ń rí àwọn apẹja tí wọ́n tò sí ojú kan ṣoṣo létí omi Raritan Bay, tí wọ́n ń fa striped bass, ẹja ńlá kan tó ní ìlà gbọọrọ lára, jáde. Kí èèyàn rìn díẹ̀ kúrò níbẹ̀, kò ní rí ẹyọ kan. Omi kan náà ni, etí omi kan náà ni. Kí ló wà lójú ibẹ̀? Ṣé mo lè dá irú ibẹ̀ mọ̀ fúnra mi?

Ìdáhùn: Ooru ló wà níbẹ̀. Oúnjẹ tẹ̀ lé e, àmọ́ ooru ló ṣáájú. Ẹni tó bá kọ́ ẹja pípa lọ́dọ̀ ọ̀sà Ẹ̀pẹ́ kì í ro ti ooru omi, nítorí omi tibẹ̀ lọ́ wọ́ọ́rọ́ láti oṣù Kìíní dé oṣù Kejìlá. Ohun tó ń wò ni bóyá omi ń kún tàbí ó ń fà. Ẹ má sọ ìmọ̀ yẹn nù, ẹ ó lò ó ní Raritan náà, ṣùgbọ́n tẹmómítà ni kí ẹ kọ́kọ́ rà.

Bí omi bá ṣe tutù tó ni ara ẹja ṣe ń tutù tó. Nínú omi tó wà ní 40 dígírì Fahrenheit, striped bass á kàn dúró sínú ibú ni. Oúnjẹ tó jẹ kì í tètè dà, nítorí náà kì í wá òmíràn kiri. Bí omi bá gòkè dé bíi 45, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí ẹnu. Tó bá dé 50, ó ti ń lé oúnjẹ káàkiri. Níbẹ̀rẹ̀ ìgbà ìrúwé, àárín omi ńlá lè wà ní 42 kí ẹnu odò kékeré kan sì ti dé 48. Dígírì mẹ́fà yẹn ni àwọn èèyàn tí ẹ rí tò sí.

Ẹja yìí kì í ṣe onílé níbẹ̀ o, arìnrìn-àjò ni. Inú òkun ló ń gbé, inú odò tí iyọ̀ rẹ̀ kò pọ̀ tàbí tí kò níyọ̀ rárá ló sì ti ń yé ẹyin. Chesapeake Bay, níbi tí àwọn ará Maryland ti ń pè é ní rockfish, ni ọ̀pọ̀ jù lọ wọn ti ń wá. Odò Hudson àti odò Delaware tẹ̀ lé e. Kò ní yé títí omi odò fi máa dé nǹkan bí 58 sí 68 dígírì, ìyẹn láti oṣù Kẹrin lọ sí oṣù Kẹfà. Ẹyin rẹ̀ kì í lẹ̀ mọ́ òkúta, omi tó ń ṣàn ló gbọ́dọ̀ máa gbé e kiri fún bí ọjọ́ méjì kó tó pa. Èyí tó bá rì sínú ẹrẹ̀ á kú. Nítorí náà, ẹja tó ń lọ sí Hudson ń dúró de àkókò ni. Raritan Bay wà lẹ́bàá ọ̀nà rẹ̀, omi ibẹ̀ kò jìn, ibẹ̀ sì tètè ń gbóná ju òkun lọ.

Ibo wá ni ooru ti ń jáde nínú omi náà? Ẹrẹ̀ dúdú ni kí ẹ wá. Bí omi bá fà, ẹrẹ̀ pẹrẹsẹ tó wà nínú àwọn odò kékeré á yọ síta, oòrùn á sì máa pa á. Yanrìn funfun ń dá ìmọ́lẹ̀ padà, ẹrẹ̀ dúdú ń gbé e mì. Bí omi bá tún kún bo ẹrẹ̀ yẹn, á gba ooru lára rẹ̀. Bó bá ń fà lọ, á kó ooru náà gba ẹnu odò jáde. Ìdí nìyẹn tí ẹnu Cheesequake Creek, ẹnu Matawan Creek ní Keyport àti ẹnu odò Raritan fúnra rẹ̀ fi ń gba àlejò. Ògiri òkúta tí oòrùn ń kàn lọ́sàn-án ń ṣiṣẹ́ díẹ̀ bẹ́ẹ̀ náà. Omi gbígbóná tí ilé iṣẹ́ iná mànàmáná ń tú jáde tún lágbára ju gbogbo wọn lọ: ọ̀pọ̀ ọdún ni omi ilé iṣẹ́ iná Oyster Creek ní New Jersey fi ń dá striped bass dúró ní gbogbo ìgbà òtútù, àfìgbà tí wọ́n ti ilé iṣẹ́ náà pa lóṣù Kẹsàn-án ọdún 2018.

Oúnjẹ náà ń tẹ̀ lé ooru. Edé wẹ́wẹ́, ekòló inú ẹrẹ̀ àti ẹja kéékèèké a máa jí níbi tó bá kọ́kọ́ gbóná. Tó bá di oṣù Kẹrin, herring, oríṣi ẹja kékeré kan, á máa wọ inú odò lọ yé, lẹ́yìn náà ni bunker, ẹja kékeré olóròóró mìíràn, á dé lágbo-lágbo.

Àkókò ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣìnà. Wọ́n ti gbọ́ pé àfẹ̀mọ́júmọ́ ni ẹja ń jẹun, wọ́n á sì lọ dúró nínú òtútù aago 5 ìdájí. Ìyẹn dára lóṣù Kẹfà. Lóṣù Kẹta, ìdájí ni omi tutù jù. Ọ̀sán títí di àṣálẹ́ ni tiyín. Ẹ wá ọjọ́ tí oòrùn ràn, tí omi kún dé góńgó láàárín aago 9 àárọ̀ sí aago 1 ọ̀sán. Wákàtí mẹ́fà àti díẹ̀ ló fi ń fà, ìdajì ìkẹyìn rẹ̀ ló sì ń kó ooru jáde jù. Àkókò yìí ń sún síwájú ní nǹkan bí ìṣẹ́jú 50 lójoojúmọ́, nítorí náà, ẹ ó rí i bẹ́ẹ̀ fún bí ọjọ́ márùn-ún, á bọ́ kúrò, á sì padà lẹ́yìn nǹkan bí ọjọ́ mẹ́wàá. Afẹ́fẹ́ líle láti àríwá ìlà-oòrùn lè ba gbogbo rẹ̀ jẹ́, torí ó ń ti omi òkun tútù wọlé gba ẹ̀gbẹ́ Sandy Hook, ilẹ̀ yanrìn tó yọ sínú omi lẹ́nu ọ̀nà Raritan Bay.

Bí ẹ bá ń wọn omi, ẹ so tẹmómítà mọ́ okùn, kó wọlé tó ẹsẹ̀ bàtà méjì tàbí mẹ́ta, kó pẹ́ tó ìṣẹ́jú méjì. Ẹni tó bá wọn ojú omi nìkan ń tan ara rẹ̀ jẹ: oòrùn lè mú íńṣì díẹ̀ gbóná lókè kí ìsàlẹ̀ ṣì tutù. Ẹ wọn ẹnu odò, kí ẹ wá wọn igba ìṣísẹ̀ sí ọ̀tún àti sí òsì. Ibi tí ìyàtọ̀ bá ti tó dígírì méjì, ẹ dúró níbẹ̀, kí ẹ ju ìwọ̀ sí ẹ̀bá ibi tí omi tó ń sáré ti pàdé èyí tó dákẹ́.

Ìdẹ ìsàlẹ̀ omi ló dára nígbà yẹn: ekòló òkun tàbí ẹran clam (ẹ̀dá omi tó ń gbé inú karawun), kó di bunker tí wọ́n gé wẹ́wẹ́ tó bá ti di àárín oṣù Kẹrin. Òjé áúńsì 3 tàbí 4 tó ń yọ̀ lórí okùn, okùn ìparí oníwọ̀n pọ́n-ùn 30 sí 40 tó gùn tó ẹsẹ̀ bàtà méjì sí mẹ́ta, àti circle hook, ìwọ̀ tí ẹnu rẹ̀ yí sínú. Òfin ló pa circle hook láṣẹ fún ẹni tó ń lo ìdẹ, nítorí etí ẹnu ẹja ló ń mú, kì í mú un nífun. Bí ọ̀pá bá tẹ̀, ẹ má já a gbà. Ẹ kàn máa ká okùn wọlé jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́. Ẹni tó bá já a, ìwọ̀ á yọ lẹ́nu ẹja. Ẹ jẹ́ kí ẹnu ìwọ̀ hàn síta, kí ìdẹ má bò ó. Ẹ má sì jù ú jìnnà jù: tí ilẹ̀ bá ń ṣú, ẹja lè wà nínú omi tí kò ju ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta lọ, lẹ́sẹ̀ yín níbẹ̀.

Ní ti òfin, New Jersey ti omi odò àti ti ọ̀sà pa fún pípa striped bass láti ọjọ́ kìíní oṣù Kìíní títí oṣù Kejì fi parí. Láti ọdún 2023, èyí tó gùn láàárín íńṣì 28 sí 31 nìkan lẹ lè mú lọ sílé, ẹyọ kan lójúmọ́. Ẹ má fi herring odò ṣe ìdẹ, ó léèwọ̀ láti mú un. Ọ̀fẹ́ ni ìforúkọsílẹ̀ apẹja omi iyọ̀ níbẹ̀, ṣùgbọ́n ó pọn dandan. Òfin ń yí padà, nítorí náà ẹ wo ti ọdún tẹ́ ẹ wà kẹ́ ẹ tó jáde nílé. Bó bá jẹ́ pé ẹ fẹ́ sè é, ẹ ka ìmọ̀ràn ìjọba ìpínlẹ̀ náà nípa PCB, kẹ́míkà olóró kan, nínú ẹja yìí, pàápàá tí aboyún tàbí ọmọdé bá wà nílé.

Mo bẹ̀ yín lórí àwọn ńláńlá. Abo ni púpọ̀ nínú wọn, ikùn wọn sì kún fún ẹyin nígbà yẹn gan-an. Ẹja yìí ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán rí débi pé Maryland fòfin de pípa rẹ̀ pátápátá láti 1985 títí di 1990. Ẹ fi omi tútù rẹ ọwọ́ yín, ẹ fi ọwọ́ kejì gbé ikùn rẹ̀, ẹ má fi àgbọ̀n rẹ̀ nìkan gbé e kọ́ sókè, kẹ́ ẹ sì dì í mú nínú omi títí á fi fúnra rẹ̀ wẹ̀ lọ.

Bí omi bá ti kọjá 55, ẹ fi ẹnu odò ẹlẹ́rẹ̀ sílẹ̀. Ibi gbogbo ti lọ́ wọ́ọ́rọ́ nìyẹn, bunker ló kù tí ẹja ń tẹ̀ lé, àwọn tó fẹ́ yé sì ti ń kọjú sí Hudson.