Ọmọ mi fẹ́ máa fi kayak fò láti orí ráǹpù, ṣé kí n gbà fún un?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Ọmọ mi ọkùnrin, ọdún 15, látìgbà tó ti wo Òlíńpíìkì Paris 2024 níbi táwọn èèyàn mẹ́rin ti jókòó sínú kayak, ìyẹn ọkọ̀ ojú omi tóóró tí wọ́n ń fi àjẹ̀ wà, tí wọ́n ń já bọ́ látorí ráǹpù, ìyẹn pèpéle gíga tó dagun, sínú omi lẹ́ẹ̀kan náà, kò jẹ́ ká sinmi mọ́. Òun àtàwọn ọ̀rẹ́ ẹ̀ ti lọ kan pákó bíi ráǹpù sétí odò Lea, wọ́n láwọn fẹ́ máa fi kayak ta òkìtì. Ẹ̀rù ń bà mí, ṣùgbọ́n mi ò fẹ́ ba inú ẹ̀ jẹ́. — Màmá kan, Enfield, Lọ́ńdọ̀nù

ÌDÁHÙN: Màmá wa, ẹ kú ọ̀rọ̀ ọmọ. Pákó yẹn, ẹ ní kí wọ́n tú u lónìí. Eré yẹn ò burú o, mo fẹ́ràn ẹ̀ gan-an, àmọ́ ta ló mọ bí omi ṣe jìn tó níbẹ̀, ta ló mọ nǹkan tí wọ́n ti jù síbẹ̀, tí imú ọkọ̀ bá lọ gún ilẹ̀, ọmọ tó wà nínú ẹ̀ ló máa gba gbogbo ẹ̀ sára.

Fífò yẹn gan-an kọ́ ló ń ṣeni léṣe, bíbalẹ̀ ni. Ìgbà àkọ́kọ́ témi jókòó sórí ráǹpù, wọ́n da omi sí i kó lè yọ̀, wọ́n ní kí n tẹ̀ síwájú, bí ọkọ̀ ṣe gbéra báyìí ẹ̀rù bà mí mo fẹ̀yìn tì, ni ìdí ọkọ̀ bá gbá omi pẹrẹsẹ, gbàà! Odindi ọjọ́ mẹ́ta mi ò lè bẹ̀rẹ̀ so okùn bàtà. Nígbà kejì mo tẹ̀ síwájú dáadáa, mo ki àjẹ̀ bọ omi bí imú ọkọ̀ ṣe ń kàn án, ó kàn rọra wọlé ni.

Ẹ ò kúkú jìnnà sí Lee Valley White Water Centre ní Waltham Cross, ibi tí wọ́n ti ń wa irú ọkọ̀ yìí lórí omi tó ń ru, tí wọ́n kọ́ fún Òlíńpíìkì 2012. Ẹ mú un lọ síbẹ̀. Kí wọ́n kọ́kọ́ kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń fi àjẹ̀ àti ìbàdí yí ọkọ̀ tó dojú dé padà láìjáde nínú ẹ̀, torí nínú eré Paris tó wò yẹn náà, oníkálukú gbọ́dọ̀ dojú ọkọ̀ dé kó sì tún dìde kó tó lè parí. Ọjọ́ tó bá yí i dìde lẹ́ẹ̀mẹ́wàá láìjáde, tí akoto àti láìfù jákẹ́ẹ̀tì wà lára ẹ̀, ẹ jẹ́ kó gun ráǹpù.