Má tíì ta búrọ́ọ̀ṣì rẹ

Àbúrò mi ará Ògbómọ̀ṣọ́, o ní dókítà sọ pé glaucoma, àrùn tó ń jí ìríran díẹ̀díẹ̀, ló ń bá ojú rẹ jà, o sì ń béèrè bóyá kí o ta búrọ́ọ̀ṣì àti ọ̀dà, kí o lọ wá iṣẹ́ mìíràn ṣe. Má tíì tà wọ́n. Igbá ni mò ń fín ní Ọ̀yọ́ níbí. Àrùn yẹn náà ló fọ́ ojú tèmi, mo ṣì ń fín igbá.

Oògùn tí wọ́n ní kí o máa kán sójú, má fi í sílẹ̀. Kò lè dá èyí tó ti lọ padà, èyí tó kù ló ń ṣọ́. Ní kí àwọn ọmọ ìyá rẹ náà lọ yẹ ojú wò, nítorí ó máa ń tọ ìdílé.

Ìríran díẹ̀ tó kù yẹn, má fi gbogbo rẹ̀ ya àwòrán títà. Fi kọ́ ọwọ́ rẹ. Nígbà tí mo ṣì ń rí bàìbàì, gèlè ìyàwó mi ni mo fi ń di ojú (ó bínú títí ó fi sú u), màá fín igbá, màá tú gèlè, màá wo ibi tí ọ̀bẹ ti yà bàrá.

Òwú ni mo fi ń wọn igbá báyìí. Màá ta kókó sí i lára ní déédéé, màá so ó yí igbá ká. Ibi tí kókó bá wà ni ọnà ti ń bẹ̀rẹ̀. Àtàǹpàkò òsì ló ń ṣáájú ọ̀bẹ. Mo tún fi òwú wé ọ̀bẹ náà, ó ku ṣóńṣó rẹ̀ níta, kó má baà lu igbá já. Alángbá àti ẹyẹ wẹ́wẹ́ tí mo máa ń fín tẹ́lẹ̀, mo ti pa wọ́n tì. Ọnà tó jinlẹ̀, tí ọwọ́ lè kà, ni mò ń fín. Oníbàárà mi kan ní ọjà Akẹ̀sán ní ó dára ju ti àtijọ́ lọ. Mi ò gbà bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n mo gba owó rẹ̀.

Tìrẹ le jù tèmi, torí àwọ̀ ò ṣe é fọwọ́ bà. Síbẹ̀ John Bramblitt, ará Amẹ́ríkà tí ojú rẹ̀ fọ́ ní 2001, ọ̀dà tó ń yọ gọnbu ló fi ń fa ìlà kí ìka rẹ̀ lè tọ̀ ọ́, ó sì ń po àwọ̀ kọ̀ọ̀kan kí kíki wọn má bàa dọ́gba, kí ìka lè mọ èyí tó jẹ́. Sargy Mann ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ò ríran rárá mọ́ láti 2005. Àtè rírọ̀ tí wọ́n fi ń lẹ bébà mọ́ ògiri ló ń lẹ̀ mọ́ kánfáàsì láti mọ ibi tí ọwọ́ dé. Ó ń yàwòrán títí ó fi kú ní 2015. Ìwọ fi rọ́bà tí wọ́n fi ń di owó sí ọ̀dà rẹ lára: ẹyọ kan fún pupa, méjì fún àwọ̀ ewé. Kí ẹnikẹ́ni má sì ṣí irinṣẹ́ rẹ nípò. Ìjà tó pọ̀ jù nílé mi nìyẹn.

Bí o bá fẹ́ kọ́ Braille, ìwé tí afọ́jú ń fi ìka kà, béèrè ní Federal College of Education Special l'Ọ̀yọ́ níbí. Wọ́n ń kọ́ olùkọ́ àwọn afọ́jú níbẹ̀.

Ọ̀rọ̀ owó ló kù. Jẹ́ kí wọ́n wo iṣẹ́, kí wọ́n ná an, kí wọ́n sanwó, kí wọ́n tó gbọ́ pé ojú rẹ ò ríran. Ẹni tó fi àánú ra igbá lọ́wọ́ mi kì í padà wá ra òmíràn.