Mọ́mì yín ní Ìbàdàn àti òjò tó ń bọ̀

Ẹ kú àníyàn mọ́mì. Ẹ ní àwọn nìkan ló ń dá gbé nítòsí odò Ọ̀nà, omi wọ kíṣìnì wọn lọ́dún tó kọjá, ẹ sì ń béèrè iye tí ẹ máa fi ránṣẹ́ láti Manchester kí ọkàn yín tó balẹ̀. Ọmọ Ìbàdàn lèmi náà, Birmingham ni mò ń gbé. Kí ẹ tó fi owó kankan ránṣẹ́, ẹ wá ẹnì kan ládùúgbò tó lè fẹsẹ̀ rìn dé ọ̀dọ̀ mọ́mì láàárín ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Àbúrò tó wà ní Èkó kò sí lára ìyẹn. Bí omi bá ti gba títì, mọ́tò kò ní kọjá.

Kí kọ́kọ́rọ́ kan wà lọ́wọ́ onítọ̀hún, kí nọ́ńbà rẹ̀ sì wà nínú fóònù yín pẹ̀lú +234. Ọ̀pọ̀ wa rò pé a ó kàn pe 112 ni. Nọ́ńbà pàjáwìrì Nàìjíríà ni lóòótọ́, Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ sì tún ní 615. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá tẹ 112 láti Manchester, àwọn ará Gẹ̀ẹ́sì ni yóò gbé e, wọn kò sì lè rán ẹnikẹ́ni dé Ẹlẹ́yẹlé ní Ìbàdàn. Ẹni tó wà nílé ló gbọ́dọ̀ pè é. Ẹ jẹ́ kí wọ́n kọ nọ́ńbà méjèèjì gàdàgbà sára ògiri pálọ̀.

Ẹ má gbà fún ẹni tó bá ní òjò ti sinmi ní oṣù kẹjọ. Òótọ́ ni pé ó máa ń dáwọ́ dúró díẹ̀ nígbà náà. Àmọ́ 31 oṣù kẹjọ, 1980 ni omíyalé odò Ògùnpa gbé ilé, ọjà àti ọ̀pọ̀ ẹ̀mí lọ. 26 oṣù kẹjọ, 2011 ni omi tún bo ìlú, tí adágún Ẹlẹ́yẹlé kún àkúnya, tí afárá já. Nítorí náà, ẹ pín owó kíkó gọ́tà sí méjì: ẹ san ọ̀kan kí oṣù kẹrin tó wọlé, kí ẹ san ìkejì ní ìparí oṣù keje. Fídíò ni kí ẹ gbà, kí ẹni tó ń yà á máa rìn lẹ́bàá gọ́tà náà, nítorí wọ́n lè fi fọ́tò ọdún tó kọjá ránṣẹ́.

Nínú ilé, kí oníná gbé àwọn sọ́kẹ́ẹ̀tì sókè, kí súwíìṣì ńlá sì wà níbi tí mọ́mì ti lè pa á láì fẹsẹ̀ wọ omi. Ìta ni kí sílíńdà gáàsì wà, kí wọ́n so ó mọ́ nǹkan, nítorí ó máa ń léfòó. Jẹnẹrétọ̀ kò gbọ́dọ̀ wọ kọ́rídọ̀ láéláé, ì báà jẹ́ pé òjò ń pa á. Èéfín rẹ̀ ń pa èèyàn lójú oorun. Kí irin fèrèsé kan ó kéré tán ṣeé ṣí láti inú, kí kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ wà lára ìṣó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ìwé ló dùn mí jù. Ní 2011, abẹ́ bẹ́ẹ̀dì ni àpótí bàbá mi wà ní Òkè-Bọ́lá. Nígbà tí a ṣí i, ríṣíìtì ilẹ̀ àti àwòrán tí sọ̀féyọ̀ yà ti di ẹ̀kọ. A gba ìwé lọ́dọ̀ ọlọ́pàá, a búra ní kóòtù, a pààrà ọ́fíìsì títí ó fi rẹ̀ wá. Ẹ jẹ́ kí ẹni yín ya fọ́tò ojú ìwé kọ̀ọ̀kan lọ́sàn-án, níta, títí kan ẹ̀yìn tí òǹtẹ̀ wà, kí ẹ tọ́jú rẹ̀ síbi méjì. Kí ojúlówó wà nínú ike onídèérí, lókè kọ́bọ́ọ̀dù. Bí ti yín bá ti sọnù, ẹ lọ béèrè ẹ̀dà tí ìjọba fọwọ́ sí ní ibi tí wọ́n ti ń forúkọ ilẹ̀ sílẹ̀, ní Sẹkitéríàtì Agodi.

Kí báàgì kékeré wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì: oògùn ọ̀sẹ̀ méjì nínú ọ̀rá, awò ojú, tọ́ọ̀ṣì, omi, àti owó wẹ́wẹ́, torí pé POS kì í ṣiṣẹ́ bí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá lọ.

Lásìkò ooru níbí, agogo wa àti ti Ìbàdàn dọ́gba. Bí òjò bá dé ní aago méjì òru, ẹ̀yin náà á ti sùn. Ẹ ṣètò fóònù yín kí nọ́ńbà mọ́mì àti ti aládùúgbò yẹn máa dún, bí ẹ tilẹ̀ pa ìró gbogbo ìyókù.