Bátìrì ìnfẹ́tà tí kì í pẹ́ kó tó kú

Ẹ̀gbọ́n, ẹ ní bátìrì 200Ah méjì yín ní Kubwa kì í lò ju ìṣẹ́jú 40 lọ mọ́ tí NEPA bá ti mú iná, oníwáyà sì ní kí ẹ ra méjèèjì tuntun. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì náwó. Ó máa ń bí mi nínú: wọ́n á wọlé, wọn ò ní mú mítà tí wọ́n fi ń wọn fólítì jáde, wọ́n á kàn ní ó ti kú.

Ẹ jẹ́ kó gba iná kó kún. Ẹ pa ìnfẹ́tà, ẹ tú wáyà tó so bátìrì méjèèjì pọ̀, ẹ fi wọ́n sílẹ̀ di ọjọ́ kejì. Tí ẹ bá wọ̀n ọ́n lójú ẹsẹ̀, mítà á kọ fólítì 13 lé, ìtànjẹ sì ni. Ẹ wọn ọ̀kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀. 12.7 ti kún, 12.2 ti dé ìdajì. Tó bá dúró sí 10.5, ilé (sẹ́ẹ̀lì) kan nínú mẹ́fà inú rẹ̀ ti kú, torí fólítì 2.1 ni ilé kọ̀ọ̀kan ń mú wá.

Ṣùgbọ́n ibí ni wọ́n ti ń jẹ owó èèyàn. Bátìrì tó ti gbó lè kọ 12.7 láàárọ̀, kó sì já lulẹ̀ bí fíríìjì bá ti tan. Ẹ so wọ́n padà, ẹ tan fíríìjì àti fáànù, kí mítà wà lórí bátìrì. Tí ọ̀kan bá wà ní 12.3 tí èkejì já sí 10.9, èyí ni aláìsàn. Tí méjèèjì bá dúró ṣinṣin, ẹ wo orí wáyà: ìyẹ̀fun funfun tàbí aláwọ̀ ewé yẹn kì í jẹ́ kí iná kọjá. Omi gbígbóná àti baking soda ló ń fọ̀ ọ́. Kí ó má kán sínú bátìrì. Ẹ fi Vaseline pa á lẹ́yìn tí ẹ bá ti dè é le.

Tó bá jẹ́ oníhò, omi bátìrì nìkan ni kí ẹ bù sí i, kó bo irin inú rẹ̀. Kì í ṣe píọ̀ wọ́tà, kì í sì í ṣe ásíìdì. Ooru Abuja lóṣù March máa ń fa omi yẹn gbẹ kíákíá, nítorí náà ẹ má gbé e sínú àpótí irin lójú oòrùn. Ẹ má gbé e sí yàrá tí ẹ ń sùn náà. Afẹ́fẹ́ tó ń jáde nígbà tó bá ń gba iná lè gbiná.

Tí ọ̀kan bá kú lóòótọ́, méjèèjì lẹ máa pààrọ̀, torí ògbólógbòó á fa tuntun lulẹ̀. Tí ẹ bá ní sólà, wáyà rẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ yọ, lẹ́yìn náà wáyà bátìrì tó ní àmì −. Tí ẹ bá ń so wọ́n padà, sólà ló máa wọlé kẹ́yìn. Ẹ bọ́ òrùka ọwọ́ yín.

Mai bola, ẹni tó ń ra àlòkù irin kiri, máa ń ra èyí tó kú. Ẹ má jẹ́ kó da ásíìdì rẹ̀ sí gọ́tà yín.